Ọdún Tí Llanhelyg Fẹ́ Rẹwà

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún ọdún 1983, àgùtàn mẹ́rin sọ̀kalẹ̀ wọ abúlé Llanhelyg, wọ́n sì jẹ gbogbo òdòdó iwájú ilé ìsìn Seion tán. Ìsìn àárọ̀ ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Kí ìjọ tó kọ orin ìparí, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, òdòdó pupa ti tán, funfun ti tán, ó ku ẹyọ kan péré tí àgùtàn kan ń rún lẹ́nu, tó ń wo àwọn díákónì mẹ́fà tó ń jáde bọ̀ bí ìgbà tí onílé bá ń wo àlejò tó pẹ́ dé ìdí oúnjẹ.

Morfudd Prydderch wà lára àwọn tó jáde. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, kò lọ́kọ, ìyẹn ò sì dùn ún. Abo àgùtàn ọgọ́sàn-án ló ń tọ́jú lórí Òkè Helyg, òun àti ajá kan tó ń jẹ́ Mellt. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó wá sọ ẹni tó lẹran fún un. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ti sin àgùtàn lórí òkè rí ló ní bó ṣe ń gé etí tiwọn. Ti ilé Prydderch ni pé kí wọ́n gé ṣóńṣó etí ọ̀tún, kí wọ́n sì la ti òsì. Etí mẹ́jọ ló ń mì níwájú Seion, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì jẹ́ ti ilé Prydderch.

"Àǹtí Morfudd! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ yín o!"

Delyth Pósíọ́fíìsì ló ń pariwo, ó fi ọwọ́ kan di fìlà ìsìn rẹ̀ mú. Òun ni akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ẹwà Abúlé. Rowlands ni orúkọ bàbá rẹ̀, àmọ́ Rowlands ni ìdajì Llanhelyg ń jẹ́, nítorí náà iṣẹ́ ọwọ́ ẹni la fi ń dá ẹni mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tí wọ́n ń pè ní Rowlands Ojú-Ọjọ́, nítorí pé lọ́dún 1959 ó sọ lẹ́ẹ̀kan péré pé oòrùn máa ràn lọ́la, oòrùn sì ràn.

"Mo ti rí wọn," ni Morfudd fèsì. "Wọn ò tíì jẹun àárọ̀ ni."

"Ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi gbin nǹkan wọ̀nyí, èmi àti orúnkún mi tí kò dá!"

"Pẹ̀lẹ́. Ta ló ṣí géètì ọ̀nà Pistyll sílẹ̀?"

Gbogbo ojú yí sí Gwilym Ilé-Onítáyà. Gwilym ló ni ilé onítáyà méjìlélógún, irú èyí tí mọ́tò máa ń fà, tó tò sórí pápá etí òkun, tó ń fi háyà fún àwọn ará ìlú ńlá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí àwọn àlejò rẹ̀ bá jí láàárọ̀, wọ́n á gun òkè lọ wo Pistyll, omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, wọ́n á yà á ní fọ́tò, wọ́n á sì fi géètì sílẹ̀ gbayawu.

"Ẹ má wò mí," ni Gwilym wí. "Àlejò ni wọ́n. Àlejò ò mọ géètì."

"Wọ́n kúkú mọ̀ ọ́n ṣí," ni Morfudd wí. Ó fẹnu pe Mellt, ajá sì kó àgùtàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́nà òkè kí Delyth tó rí ọ̀rọ̀ míì sọ.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀ràn òdòdó wúwo tó báyìí ni Trefelyn. Abúlé kan ni lódìkejì omi, kò lókè, kò lómi tó ń já bọ́, ẹrẹ̀ àti ọtí nìkan ni Llanhelyg gbà pé ó ní, síbẹ̀ òun ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Abúlé Tó Rẹwà Jùlọ lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti gbé òkúta tí wọ́n kọ èyí sí lára síbi tó jẹ́ pé, tí ojú bá mọ́ kedere, ará Llanhelyg á rí i láti etíkun tirẹ̀. Àwọn ará Trefelyn mọ̀ọ́mọ̀ gbé e síbẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, ìgbìmọ̀ pàdé ní yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn. Wọ́n kọ́kọ́ mu tíì. Wọ́n jẹ búrẹ́dì elésò tí Delyth yan. Ní Llanhelyg, kò sí ìkà téèyàn lè ṣe sí ẹnìkejì rẹ̀ láì kọ́kọ́ gé búrẹ́dì fún un.

Alága ìgbìmọ̀ ni Ithel Prydderch, àbúrò Morfudd. Ó fi ọdún mẹ́rin kéré sí i, ó sì ti tó ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí òkè tó ń ta ife tí wọ́n ya àwòrán Pistyll sí fún àwọn àlejò. Àmọ́ orúkọ rẹ̀ ni ilẹ̀ wà. Nígbà tí bàbá wọn kú lọ́dún 1961, ọmọkùnrin ló kọ oko àti agbo fún, ó kọ àga onírọ̀gbọ̀kú fún ọmọbìnrin. Morfudd kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ó máa ń jókòó lórí àga náà.

"Ẹ̀yin ará," ni Ithel bẹ̀rẹ̀, "ọjọ́ keje oṣù keje làwọn adájọ́ ń bọ̀. Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí agbo kúrò lórí òkè títí wọ́n á fi wá tí wọ́n á fi lọ. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni."

"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe lórí òkè gan-an?" ni Gwilym béèrè. "Wọ́n kàn dúró gbagidi síbẹ̀ náà ni."

"Ìwọ náà kàn dúró gbagidi ni, Gwilym," ni Morfudd wí. "Kò sẹ́ni tó tíì gbé àbá pé kí wọ́n kó ẹ kúrò."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Delyth pàápàá rẹ́rìn-ín, kó tó rántí orúnkún rẹ̀.

Morfudd wá dìde. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, nítorí náà wọ́n gbé ife tíì wọn sílẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ti gbàgbé ni? Bàbá ta ni kò sin àgùtàn nínú yín? Kò sí ọgbà lórí òkè yẹn. Kò sí wáyà. Láti Pistyll títí dé Àpáta Dúdú, kò sóhun tó dá àgùtàn mi dúró àfi pé ìyá wọn mú wọn débẹ̀, ìyá ìyá wọn sì mú ìyá wọn débẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí atẹ́gùn ò ti jà. Wọ́n mọ ibi tí omi kì í dì. Ẹni tó bá kó wọn kúrò fún ọdún kan, ó ti gé okùn. Ọmọ tí wọ́n bá bí síbòmíì ò ní mọ nǹkan kan, kò sì sẹ́ni tó lè kọ́ ọ, nítorí pé èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Àgùtàn ló mọ̀ ọ́n."

Ó jókòó. Kò sọ ti ọdún 1947 fún wọn. Àwọn tó dàgbà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Òjò dídì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù kìíní, kò sì yọ́ fún ọ̀sẹ̀ méje. Àgùtàn igba ó lé mẹ́rìnlá ni wọ́n kà kó tó bẹ̀rẹ̀. Òun àti bàbá rẹ̀ ló ń fi ọ̀pá gígùn gún òjò dídì kiri, tí ọ̀pá bá kan ohun tó rọ̀, wọ́n á gbẹ́lẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ méjì kú lọ́jọ́ kọkànlá oṣù kejì, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ló kù láàyè, àwọn tó ti sá lọ fúnra wọn sábẹ́ Àpáta Dúdú. Látara wọn ni gbogbo agbo ìsinsìnyí ti wá.

"Ọ̀rọ̀ tó wúni lórí gan-an ni," ni Ithel wí. "Ṣé ká dìbò?"

Wọ́n dìbò. Mọ́kànlá gbà, ẹnì kan kọ̀.

"Ó dáa," ni Morfudd wí, ó di búrẹ́dì tó kù nínú àwo rẹ̀ sínú ìnujú. "Ẹ ti dìbò. Ó ku kẹ́ ẹ lọ kó wọn."

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà, wọ́n lọ kó wọn. Gwilym gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà parí sí, ó sì ń fọn fèrè rẹ̀ pìì-pìì. Delyth mú agbòòrùn dání. Ithel mú ọ̀pá bàbá wọn, ó dì í mú ní ìdí dípò orí. Díákónì mẹ́rin tẹ̀ lé wọn, wọ́n wọ bàtà ìsìn, nítorí wọ́n ní iṣẹ́ ìlú ni, ó sì yẹ kí wọ́n múra.

Morfudd jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń bó ọ̀dùnkún. Mellt wà lábẹ́ àga, ó ń gbọ̀n fún ìtìjú ohun tó ń rí.

Àwọn àgùtàn jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ wọn tó ìwọ̀n jíju òkò kan. Wọ́n wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gòkè díẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà gòkè. Àwọn àgùtàn tún gòkè díẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe mú Ìgbìmọ̀ Ẹwà Abúlé dé orí Pistyll, wọ́n yí gba ẹ̀yìn omi, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ padà síbi tí wọ́n ti ń jẹun tẹ́lẹ̀. Gwilym gba ọ̀nà àbùjá, ó sì rì dé itan sínú àbàtà. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, bàtà rẹ̀ kan kò bá a jáde.

"Ẹ fún un ní búrẹ́dì! Ẹ fún un ní búrẹ́dì!" ni Delyth ń kígbe láti òkè.

"Gwilym?"

"Àgùtàn ni mò ń wí jàre!"

Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n kọjá níwájú ilé Morfudd. Ẹyọ àgùtàn kan ló tẹ̀ lé wọn. Abo arúgbó kan ni, tí eyín rẹ̀ ti ń tán, búrẹ́dì elésò ló ń tẹ̀ lé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Morfudd kí wọn. "Ó ku mọ́kàndínlọ́gọ́sàn-án."

Ohun tí ìgbìmọ̀ ò lè fi ẹsẹ̀ ṣe, Ithel fi ẹnu ṣe é. Ó wá sí ilé ìdáná rẹ̀ lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù yẹn, ó mú ife tuntun kan wá fún un. Pistyll wà lára rẹ̀, àgùtàn mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pistyll.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí ọmọ ìyá."

"Sọ ọ́ ká gbọ́."

"Ẹ máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ sí Dôl Wen lọ́dọọdún, oko Cadwgan ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí òtútù má baà pa wọ́n. Oṣù kẹwàá wọ́n lọ, oṣù kẹrin wọ́n dé. Ṣé wọ́n gbàgbé òkè rí?"

"Rárá o."

"Kí ló wá burú? Ọ̀dọ̀ Cadwgan náà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré. Àtìyá àtọmọ, ẹ ò ní pín wọn. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, wọ́n á wà níbí. Ará ìlú á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Ará ìlú ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí. Kò sì jọ pé àìdúpẹ́ ń sú wọn."

"Ẹ̀gbọ́n, mo ṣèlérí." Ó gbé ọwọ́ lé Bíbélì bàbá wọn tó wà lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e.

Morfudd wo ọwọ́ náà. Ó funfun, ó rọ̀, ọwọ́ ẹni tó ń di ife sínú ìwé ìròyìn. Ó rò ó pé ilẹ̀ ò sí lórúkọ òun. Ó rò ó pé tí òun bá kọ̀, Ithel lè pe ọlọ́pàá tàbí kó yá ajá ẹlòmíì. Àti pé àṣà Dôl Wen kì í ṣe irọ́, ó ti ń bẹ láti ayé bàbá bàbá wọn. Àbúrò rẹ̀ ni, òun ló pọ̀n ọ́n.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ," ni ó wí.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹfà, òun àti Mellt gun òkè ní agogo márùn-ún àárọ̀. Kò fọn fèrè, kò gbé agbòòrùn. Ó súfèé lẹ́ẹ̀mẹta. Ní agogo mẹ́jọ, gbogbo agbo ti wà nínú ọgbà ìsàlẹ̀, ìyá pẹ̀lú ọmọ, láìku ẹyọ kan. Lọ́rì ńlá méjì ti ń dúró. Morfudd bá ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Dôl Wen lẹ ń lọ, àbí?"

"Ibi tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni mò ń lọ, màmá," ni awakọ̀ náà dá a lóhùn.

Ó gbọ́ ọ. Ó sì jẹ́ kó lọ.

Lórí òkè yẹn, irú ewé kan wà tí àgùtàn kì í jẹ, ṣùgbọ́n tí pátákò wọn máa ń tẹ̀ fọ́ nígbà tó bá ń yọrí. Tí kò bá sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́, ó máa ń ga tó èèyàn. Lọ́dún 1983, kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí oṣù keje fi máa wọlé, ọ̀nà Pistyll ti pòórá. Àwọn àlejò Gwilym á gòkè lọ láàárọ̀ láti lọ wo omi, wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ́sàn-án pẹ̀lú kòkòrò lára, wọ́n á ní àwọn gbọ́ ìró rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ò yọ ara wọn lẹ́nu nípa ewé. Ohun tó dùn wọ́n ni pé, nígbà tí wọ́n dúró sétí òkun tí wọ́n wo òkè, ó jọ orí apárí tó dé wíìgì: àwọ̀ ewé ni gbogbo rẹ̀, kò sí funfun kankan níbẹ̀.

"Nǹkan kan ń ṣe é," ni Delyth wí.

"Àgùtàn ni," ni Gwilym wí. "Kò sí àgùtàn níbẹ̀. Gbogbo ife Ithel ló ní àgùtàn. Àwọn adájọ́ á rò pé a parọ́ sórí ife."

Wọ́n bá yá àgùtàn. Àna Gwilym kan ní méjìlá ní ilẹ̀ pẹrẹsẹ, àwọn èyí tó sanra tí ẹsẹ̀ wọn kúrú, tí wọn ò rí òkè rí àfi lókèèrè. Delyth fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ̀ wọ́n, ó sì fi kóòmù ya irun wọn. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje oṣù keje, wọ́n fi ọkọ̀ Gwilym gbé wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta dé ibi tí ọ̀nà parí sí, wọ́n sì gbé wọn la àárín ewé kọjá dé ẹ̀gbẹ́ Pistyll. Ithel wá kan ilẹ̀kùn Morfudd.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa dúró tì wọ́n. Wákàtí kan péré."

"Èmi? Mo rò pé àwọn àgùtàn kàn máa ń dúró gbagidi ni."

Ṣùgbọ́n ó mú Mellt, ó tẹ̀ lé e. Ó ní nítorí àwọn ẹran náà ni, kì í ṣe nítorí ìgbìmọ̀.

Adájọ́ méjì ló wá, ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun àti obìnrin kan tó mú ìwé dání. Díákónì méjì fi àdá ṣáájú wọn nínú ewé gíga. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé Pistyll. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn méjìlá náà ti sún jọ pọ̀ sórí àpáta kan, wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n sì ń ta òórùn ọṣẹ.

"Ẹ wò ó bí ara wọn ṣe balẹ̀," ni Ithel wí fún àwọn adájọ́. "Ilé wọn nìyí. Ọmọ òkè paraku ni wọ́n."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Adájọ́ obìnrin ṣí agbòòrùn rẹ̀, agbòòrùn sì dún pà. Ọmọ òkè paraku kan fò, ó fò sínú omi, omi sì gbé e gba orí àpáta sọ̀kalẹ̀ níwájú gbogbo wọn, pẹ̀lú igbe, wọnú adágún ìsàlẹ̀. Mọ́kànlá tó kù wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkejì wọn, wọ́n yí padà, wọ́n sì sáré sọ̀kalẹ̀ gba àárín díákónì méjèèjì. Wọn ò dúró títí wọ́n fi dé iwájú Seion, níbi tí Delyth ti tún òdòdó mìíràn gbìn.

Morfudd wọ adágún dé àyà, ó fi apá méjèèjì gbé àgùtàn náà jáde. Kò kú. Ó bi omi ọṣẹ sára bàtà funfun.

"Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?" ni adájọ́ ọkùnrin béèrè.

"Rárá, sà," ni Morfudd wí. "Ọjọ́ tí àlejò bá wá nìkan ni."

Trefelyn ló tún gbégbá orókè. Àwọn tó ṣètò ìdíje fi ìwé kan ránṣẹ́ sí Llanhelyg pé àwọn adájọ́ mọ rírì ìtara wọn. Ithel fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìsìn, wọ́n sì mu tíì lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹjọ, Morfudd tún okùn géètì ọgbà ìsàlẹ̀ ṣe, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Lọ́rì kankan ò wá. Ní ọjọ́ kejì, ó wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí Dôl Wen. Ìyàwó Cadwgan ń sá aṣọ nígbà tó dé.

"Àǹtí Morfudd! Kí ló dé? Ṣé kò sí o?"

"Àwọn àgùtàn ni mo wá wò."

"Àgùtàn wo? Oṣù kẹwàá la máa ń retí wọn."

Ilẹ̀ Dôl Wen tẹ́ pẹrẹsẹ, èèyàn lè rí i dé òpin. Màlúù nìkan ló wà níbẹ̀. Obìnrin náà ní kó wá mu tíì, Morfudd ní òun ò mu. Ó wọ bọ́ọ̀sì méjì padà.

Ithel ń to ife nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tó wọlé.

"Ithel, àwọn àgùtàn dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó ná."

"Mo ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì mẹ́rin lónìí. Àwọn àgùtàn dà?"

Ó fi ife kan sílẹ̀, ó tún gbé e. "Oníṣòwò kan ló bá mi lọ́nà. Owó tó dára ló pè, kò dúró de ọla. Mo rò ó pé ẹ̀yin náà ti ń dàgbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ yín."

"Ibo ló kó wọn lọ?"

"Ó ti pa lára wọn. Ó pín àwọn tó kù káàkiri oko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oko mọ́kànlá, ó wí bẹ́ẹ̀. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn! Mo ti ní in lọ́kàn láti ra òmíràn. Nígbà ìwọ́wé, wọ́n máa ń dínwó. Irú kan náà ni màá rà. Èmi náà mọ àgùtàn, ọmọ bàbá mi ni mí. A ó gé etí wọn bá a ṣe ń gé e. Ta ló máa mọ ìyàtọ̀?"

"Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, Ithel, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n."

"Àgùtàn ni wọ́n o. Wọn kì í ṣe ará ilé."

"Wọ́n mọ̀nà ilé jù ọ́ lọ," ni Morfudd wí, ó sì jáde. Oníbàárà méjì tó fẹ́ ra ife dúró fún un láti kọjá.

Ithel ra òmíràn lóòótọ́. Ọgọ́rin ni, láti orí òkè kan tó jìnnà tó máìlì méjìdínlógún, irú kan náà, wọ́n funfun bákan náà. Ó gé ṣóńṣó etí ọ̀tún, ó la ti òsì. Ó pe ìgbìmọ̀ wá wòran ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá, ó ṣí géètì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ bí ẹran ṣe ń gòkè lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mọ́kàndínlógún wà láàárín ilé onítáyà Gwilym, tí ọ̀kan sì wà nínú rẹ̀. Mẹ́rin ti kú sísàlẹ̀ Pistyll, nítorí wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ parí síbẹ̀. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà lójú títì ńlá tí wọ́n ń rìn ní ìlà kan, ojú wọn sí apá òkè tiwọn. Àwọn ọlọ́kọ̀ dúró lẹ́yìn wọn, wọ́n ń fọn fèrè. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àwọn tó kù wà.

Delyth ló wá sẹ́nu ọ̀nà Morfudd. Kò dé fìlà.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀wọ́. Ọ̀kan wà nínú pósíọ́fíìsì. Ó ti jẹ lẹ́tà. Ẹ bá wa dá wọn padà."

"Padà síbo?"

"Sórí òkè."

"Wọn ò tibẹ̀ wá, Delyth."

Síbẹ̀ ó lọ. Ó kó ọ̀kànlélọ́gọ́ta jọ, ó sì kó wọn gun òkè. Bàbá bàbá bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ kó àgùtàn wá síbẹ̀. Ìtàn ilé wọn ni pé ó dúró tì wọ́n láàárọ̀ lálẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ dá wọn padà kí wọ́n tó gbà pé ilé nìyí. Ẹni ọdún méjìlélógún ni ọkùnrin náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Morfudd fi ìpápánu sínú àpò, ó gbé àga kékeré kan lọ sórí àpáta, ó sì bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, wọ́n á ti túká. Òun àti Mellt á lọ kó wọn ní Trefelyn, tí wọ́n ti yí etíkun ká dé, ní títì, ní etíkun níbi tí wọ́n ti ń lá iyọ̀. Àwọn ará Trefelyn á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta wọn, wọ́n á máa kí i kú iṣẹ́.

Ní oṣù kìíní, òjò dídì rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà, kò pọ̀, kò ga ju orúnkún lọ. Àwọn àgùtàn náà kò mọ̀nà Àpáta Dúdú. Wọ́n dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń jà jù. Morfudd mú ọ̀pá gígùn, ó gún ilẹ̀ kiri. Méjìlá péré ló rí fà jáde láàyè.

Ithel ta àwọn méjìlá náà fún alápatà ní oṣù kẹta ọdún 1984. Ìgbìmọ̀ fi wáyà dí ọ̀nà Pistyll tí ewé ti bò. Láti ọjọ́ náà, kò sí àgùtàn kankan lórí Òkè Helyg.